Àyẹ̀wò àwòrán "ilé oko Gẹ̀ẹ́sì" tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń kọ́lé sóko l'Ábújá

Láti Kuje títí dé Kwali, ẹni tó bá ra ilẹ̀ oko lóde òní kì í fẹ́ kọ́ àgọ́ onípánù síbẹ̀ mọ́. Ilé tó lójú ni wọ́n ń wá, àwọn tó ń ta àwòrán ilé sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí jẹ́ ìdìpọ̀ olójú ewé mẹ́rìnlá tí wọ́n ń tà lórí WhatsApp, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní "English farmhouse": ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, mítà 12 ní gígùn, mítà 8 ní fífẹ̀, yàrá ìbùsùn mẹ́rin, mẹ́ta nínú wọn lókè lábẹ́ òrùlé. A kò ní dárúkọ ẹni tó ń tà á, nítorí irú rẹ̀ pọ̀ nígboro, ohun tó sì kù díẹ̀ káàtó nínú wọn kò yàtọ̀ síra. Ìdájọ́ wa rèé: àwòrán ilẹ̀ rẹ̀, ìyẹn èyí tó fi bí wọ́n ṣe to yàrá hàn, dára, òun nìkan tó owó tí wọ́n ń béèrè. Ojú ilé àti òrùlé rẹ̀ kò bá ilẹ̀ yìí mu. Ewé tó sọ bí a ṣe máa rẹ́ ògiri, ẹ fà á ya.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ilé tí wọ́n ń fara wé. Àwòrán iwájú yìí, àwọn ilé oko gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wò, Kent àti Sussex. Ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni ṣì lè lọ fojú rí ni Bayleaf, tí wọ́n kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1400 ní Chiddingstone ní Kent. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe adágún omi Bough Beech, wọ́n tú ilé náà palẹ̀ ní 1968 sí 1969, wọ́n sì lọ tò ó padà ní Singleton ní West Sussex, nínú ọgbà àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Weald and Downland. Ẹ rò ó wò: ilé tó ti lé ní 500 ọdún, wọ́n tú u ní ègé ègé, ó sì tún dìde. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé igi ló gbé gbogbo ilé náà dúró, ògiri kò gbé nǹkan kan. Igi oak ni, wọ́n sì ń gbẹ́ ẹ ní tútù nítorí pé tó bá ti gbẹ tán, ó máa ń le koko jù láti gbẹ́. Wọ́n á gbẹ́ ahọ́n sí orí ìtì kan, wọ́n á gbẹ́ ihò sára èkejì, wọ́n á ki ahọ́n bọ ihò, wọ́n á wá fi èèkàn igi kàn án. Ihò èèkàn tó wà lára ahọ́n kì í ṣe déédéé pẹ̀lú ti ara òpó. Wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ yẹ̀ ẹ́ díẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣe ń gbá èèkàn wọlé ni oríkèé náà ń fún pọ̀ sí i. Àlàfo tó wà láàárín òpó sí òpó ni wọ́n ń fi igi wẹ́wẹ́ hun, tí wọ́n á fi amọ̀ tí a pò mọ́ koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ màlúù dí, tí wọ́n á sì kùn ní ẹfun. Gbogbo rẹ̀ á jókòó sórí ìpìlẹ̀ òkúta tó ga kúrò nílẹ̀, kí ẹsẹ̀ igi má bàa máa mu omi.

Kò sí ohun kan níbẹ̀ tó wà fún ẹwà lásán. Ohun tí a fi díwọ̀n ìdìpọ̀ yìí nìyẹn: kí ni apá yìí ń ṣe nílé àtijọ́ yẹn, kí ló sì máa ṣe ní Gwagwalada?

Ewé kẹta, àwòrán ilẹ̀, ni iṣẹ́ gidi tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó yà á mọ ohun tó ń ṣe. Ó mú ọ̀nà tó gba àárín ilé oko Gẹ̀ẹ́sì kọjá, láti ẹnu ọ̀nà iwájú bọ́ sí ti ẹ̀yìn tó dojú kọ ọ́ gbọ̀ngbọ̀n, ó sì tò ó bó ṣe yẹ: pálọ̀ ńlá lápá kan, yàrá kékeré méjì lápá kejì. Láyé àtijọ́, ọ̀kan nínú yàrá méjì yẹn wà fún búrẹ́dì àti oúnjẹ gbígbẹ, èkejì fún bíà. Nínú àwòrán yìí wọ́n ti di ilé ìdáná àti yàrá ìkẹ́rù oko. Fún ẹni tó ń kó iṣu wọlé láti ẹ̀yìnkùlé tó sì ń gba àlejò láti iwájú, a kò tíì rí ètò tó dára jù ú lọ. Bàtà ẹlẹ́rẹ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú pálọ̀ rárá.

Atẹ́gùn tún wà níbẹ̀. Ní àsìkò òjò, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń wọ Àbújá; tí ọyẹ́ bá dé, àríwá ìlà-oòrùn ló ti ń bọ̀. Tí ẹ bá kọ ọ̀nà àárín ilé yìí sí afẹ́fẹ́ òjò, ilé á tutù láìsí fáànù, ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn kan náà ni eruku Oṣù Kejìlá máa gbà wọlé. Nítorí náà, ilẹ̀kùn tó kọjú sí ìhà ọyẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ pákó tó ki, tó ní rọ́bà lẹ́sẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó kọjú sí ìhà òjò lè jẹ́ onínẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú géètì irin lẹ́yìn rẹ̀. Mìlímítà 900 tí àwòrán fún ọ̀nà náà kéré. Ẹ sọ ọ́ di 1,200 ó kéré tán, nítorí ẹni tó gbé àpò àgbàdo kò lè yà fún ẹlòmíì nínú 900.

Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé yàrá ìkẹ́rù wà ní ìwọ̀-oòrùn. Ògiri ìwọ̀-oòrùn ló ń gba oòrùn ọ̀sán gangan, iṣu tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ á rà kíákíá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń kó ohun tí kò fẹ́ ooru sí ìhà àríwá ilé, nítorí oòrùn tiwọn kì í kúrò ní gúúsù lọ́sàn-án. Níbí, oòrùn ń ré kọjá sí àríwá orí wa láàárín ọdún, ìhà àríwá kì í ṣe ibòji tó dájú. Ẹ ní kí wọ́n yí àwòrán náà padà bí ìgbà tí a wo dígí, kí ìkẹ́rù bọ́ sí ìlà-oòrùn, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ilé tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù. Lílo kọ̀ǹpútà ni, kò yẹ kí wọ́n gba kọ́bọ̀ lé e.

Ó wá ku ojú ilé. Pákó dúdú gbọọrọ tí wọ́n kàn mọ́ ògiri funfun ni gbogbo ènìyàn ń rí tí wọ́n fi ń ra àwòrán yìí, òun gan-an ló sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yọ. Ní Bayleaf, igi tí ẹ rí lóde ni igi tó gbé ilé dúró. Nínú ìdìpọ̀ yìí, búlọ́ọ̀kù onínáìnì-ínńsì ló gbé ilé dúró, pákó kàn lẹ̀ mọ́ ọn ni, tí wọ́n fi ìṣó kóńkéré gbá mọ́ pílásítà. Òjò tó bá fẹ́ wọ ẹ̀yìn pákó náà kò ní rọ́nà jáde. Pákó á wú, á sún kì, ihò ìṣó á fẹ̀, omi á sì máa gba ibẹ̀ wọ inú pílásítà. Ikán ni tìkejì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní wàhálà ikán, àwa ní in. Ẹ̀yìn pákó tó lẹ̀ mọ́ ògiri láti ilẹ̀ dé òkè ni ọ̀nà tó wù ú jù, torí ẹnikẹ́ni kò ní rí ilà amọ̀ rẹ̀ títí tó fi máa dé òrùlé. Àwọ̀ dúdú náà ń gba ooru sí i. Kódà, púpọ̀ nínú dúdú tí a ń rí lára àwọn ilé oko yẹn lónìí, àṣà àwọn ọdún 1800 ló kùn ún. Ní ìhà Kent àti Sussex wọ́n sábà máa ń fi oak sílẹ̀ kó hewú fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ igi gidi, kó lò ó níbi tó ti máa ṣiṣẹ́: òpó àti ìtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé. Ní ọjà ohun ìkọ́lé Dei-Dei, igi apá, òpèpè tàbí ẹkki ni kẹ́ ẹ béèrè. Arère kò gbọdọ̀ dé ìta. Ẹ má ri ẹsẹ̀ òpó mọ́ kóńkéré, ibẹ̀ ló ti máa ń kọ́kọ́ jẹrà. Irin tó gbé e sókè tó mìlímítà 50 kúrò lórí kóńkéré ni kí ó dúró lé, kóńkéré náà fúnra rẹ̀ kí ó yọ sókè tó mìlímítà 300 kúrò nílẹ̀.

Ohun kan tún wà lójú ilé tó lè pa ènìyàn. Nínú àwòrán, òkè ilé yọ síta ju ìsàlẹ̀ lọ ní mìlímítà 450, bí ti àwọn ilé onígi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tiwọn kò léwu: igi àjà ló kàn gùn kọjá ògiri ìsàlẹ̀, ògiri òkè tó gbé sì fúyẹ́, igi àti amọ̀ lásán. Ẹni tó ya tiwa gbé ògiri búlọ́ọ̀kù onínáìnì-ínńsì, mítà 3 ní gíga, lé etí pẹpẹ kóńkéré yẹn. Pẹ̀lú pílásítà, ó tó tọ́ọ̀nù kan lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Kò sí bíìmù kankan nínú àwòrán tó máa gbé e, kò sì sọ ibi tí irin máa wà. Ó sì ti mọ́ àwọn bíríkìlà wa lára láti tẹ́ irin sí ìsàlẹ̀ kóńkéré. Pẹpẹ tó yọ síta báyìí, òkè ni irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, kó sì wọ inú ilé dáadáa, nítorí òkè ló ti ń fà. Tí irin bá wà nísàlẹ̀ nìkan, pẹpẹ á sán lókè níbi tó ti pàdé ògiri. Ẹ mú ògiri òkè bọ́ sórí ti ìsàlẹ̀ gbọọrọ, ẹ gbàgbé yíyọ síta.

Ewé kẹwàá ló gbé àkọsílẹ̀ rírẹ́ ògiri. Ó gba ẹni tó bá fẹ́ dín owó kù nímọ̀ràn láti fi búlọ́ọ̀kù amọ̀ kọ́ ilé, kó ta wáyà adìyẹ lé e, kó sì fi sìmẹ́ńtì 1 sí yanrìn 3 rẹ́ ẹ nínú àti lóde. Ìmọ̀ràn yìí ló ti ba ilé oko jẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ní sẹ́ńtúrì tó kọjá, wọ́n rẹ́ ọ̀pọ̀ ilé amọ̀ àti onígi ní sìmẹ́ńtì kí òjò má bàa wọlé. Sìmẹ́ńtì le, amọ̀ rọ̀. Amọ̀ ń wú ó sì ń sún kì, sìmẹ́ńtì kò lè tẹ̀ lé e, ó á là tín-ín-rín. Òjò á gba ibi tó là wọlé, kò ní rọ́nà gbẹ jáde, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á di ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ igi ìsàlẹ̀ á jẹrà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Iṣẹ́ àwọn tó ń tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe báyìí ni láti máa gé sìmẹ́ńtì yẹn kúrò kí wọ́n tó fi láìmù (ẹfun òkúta sísun) rẹ́ ẹ padà. Níbí, òjò Àbújá ju ìlọ́po méjì ti Lọ́ńdọ̀nù lọ lọ́dún, ó sì ń rọ̀ pẹ̀lú agbára, nítorí náà kò ní pẹ́ tó tiwọn. Wáyà adìyẹ á dípẹtà, pílásítà á sì máa ṣí ní abala abala.

Tí ẹ bá fẹ́ amọ̀, ọ̀nà méjì ló wà tí a fọwọ́ sí. Àkọ́kọ́ ni búlọ́ọ̀kù amọ̀ pupa tí ẹ̀rọ tẹ̀, tí a pò mọ́ sìmẹ́ńtì ìdá 5 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Amọ̀ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó wà lókè ilẹ̀ tí gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà wà nínú rẹ̀. Ẹ wa ìyẹn kúrò ná. Ẹ fi ọ̀rá bo búlọ́ọ̀kù, kẹ́ ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ méje, ẹ má sì kọ́ ọ kó tó pé ọjọ́ 28. Irú èyí kò nílò rírẹ́ lóde rárá.

Èkejì ni amọ̀ lásán tí a fi láìmù rẹ́, ìyẹn ẹfun tí a rí lára òkúta tí a fi iná sun, irú èyí tí àwọn tó ń fọ omi ẹ̀rọ ń rà. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ó kéré tán wákàtí 24. Ẹ pò ó ní 1 sí yanrìn mímú 3. Ẹ fi omi rin ògiri kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìrẹ́ kan kò gbọdọ̀ nípọn ju mìlímítà 12 lọ, kẹ́ ẹ sì fún un ní ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán kí èkejì tó gorí rẹ̀. Ẹ má ṣe é lásìkò ọyẹ́: á gbẹ kó tó dì, á sì di ìyẹ̀fun tí ọwọ́ lè gbo kúrò. Ìparí òjò ló dára, Oṣù Kẹwàá, pẹ̀lú àpò tútù tí a ta bò ó. Láìmù ń jó ojú àti awọ ara, kí òṣìṣẹ́ wọ gíláàsì àti ìbọ̀wọ́. Àwọn bíríkìlà Hausa náà ní tiwọn tó ti pẹ́: makuba, omi tí wọ́n fi èèpo èso igi irúgbá rẹ, tí wọ́n ń pò mọ́ amọ̀ ìrẹ́ kí omi má bàa tètè wọ̀ ọ́. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọdọọdún tàbí ọdún méjì síra ni wọ́n ń tún un rẹ́. Ẹni tí kì í gbé oko rẹ̀ kò ní rójú ṣe é.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, mìlímítà 150 tí àwòrán fi gbé ilẹ̀ ilé sókè kò tó. 450 ni kẹ́ ẹ ṣe, kẹ́ ẹ sì fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì tàbí òkúta kọ́ apá yẹn, pẹ̀lú DPC, ìyẹn ọ̀rá tí kì í jẹ́ kí omi ilẹ̀ gun ògiri, lórí rẹ̀. Àwọn ará Devon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń fi amọ̀ kọ́ ilé oko tí ògiri rẹ̀ nípọn gan-an, máa ń sọ pé fìlà tó dára àti bàtà tó dára ni ilé amọ̀ ń fẹ́. Bàtà rẹ̀ nìyẹn.

Fìlà rẹ̀, ìyẹn òrùlé, ni ibi tí owó máa ń bá lọ jù. Dígíríì 50 ni àwòrán gbé e dúró sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, koríko ló fà á: òrùlé koríko gbọ́dọ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ kí omi lè sá kúrò lórí rẹ̀ kó tó rin wọlé. Òrùlé tí wọ́n fi amọ̀ pẹlẹbẹ sísun bò náà ń fẹ́ kó ga. Ọjọ́ sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo irú amọ̀ pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀, tó fi jẹ́ pé òfin kan ní 1477 ti sọ pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ínńsì 10 àti ààbọ̀. Pánù lọ́ńgísípàánù tí ìdìpọ̀ yìí kọ sílẹ̀ kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ilé mítà 12 sí 8, tí a bá jẹ́ kí etí òrùlé yọ ní mìlímítà 600 yíká fún ìṣirò yìí: ní dígíríì 50, ó tó mítà oníhà mẹ́rin 189, ní dígíríì 25, ó jẹ́ 134. Mítà 55 tó lé yẹn, pánù ni, igi ni, ìṣó ni, owó káfíńtà ni. Téńté òrùlé á ga tó mítà 5 àti ààbọ̀ sí etí rẹ̀ dípò mítà 2 ó lé díẹ̀, gbogbo ìjì tó bá sì jà ṣáájú òjò Oṣù Kẹrin á máa ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ògiri.

Ẹni tó ya àwòrán á sọ pé yàrá mẹ́ta ló wà nínú òrùlé gíga yẹn, kò ṣòfò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló máa sùn níbẹ̀ ní Oṣù Kẹta? Nínú ọ̀pọ̀ ilé oko Gẹ̀ẹ́sì, ọkà àti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń gbé abẹ́ òrùlé, ìlú wọn sì tutù. Fèrèsé mẹ́ta tó yọrí jáde láti inú òrùlé tún mú kòtò òrùlé mẹ́fà wá, ìyẹn ibi tí pánù méjì ti pàdé tí omi ń gbà ṣàn. Ewé máńgòrò àti eruku ọyẹ́ á dí i, òjò àkọ́rọ̀ á kún un, omi á sì gba abẹ́ pánù wọ àjà. Ẹ mú yàrá méjì sọ̀kalẹ̀, ẹ fa ilé gùn sí mítà 15, ẹ jẹ́ kí òrùlé jẹ́ dígíríì 22 sí 25, kí etí rẹ̀ yọ tó mìlímítà 900 dípò 200 tí àwòrán fún un. Etí gígùn yẹn ló máa dáàbò bo ògiri amọ̀, kì í ṣe ìrẹ́ nìkan.

Ṣímínì: ẹ yọ ọ́. Kódà ilé bíi Bayleaf kò ní in níbẹ̀rẹ̀. Àárín pálọ̀ gan-an ni wọ́n ń dáná sí, èéfín á sì wá ọ̀nà gba òrùlé jáde. Níbi tí ṣímínì bá ti gba pánù kọjá, ó pẹ́ ni, ó yá ni, ibẹ̀ á jò, àdán á sì fi inú rẹ̀ ṣe ilé. Bí ẹ bá ń fi igi dáná lẹ́yìnkùlé, ibẹ̀ ló wúlò sí. Kí ihò èéfín tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹnu ààrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èéfín á padà sójú ẹni tó ń se oúnjẹ.

Fèrèsé kéékèèké onídígí wẹ́wẹ́ náà kò wúlò. Dígí ló wọ́n nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ ilé oko kò tilẹ̀ ní dígí, ọ̀pá igi àti ìlẹ̀kùn pákó ló wà lójú fèrèsé wọn. Wọn kò lè yí i padà báyìí bó ṣe wù wọ́n, nítorí ilé tó bá ti wà ṣáájú 1700 tó sì ṣì rí bó ṣe rí, ìjọba ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi gbogbo wọn sábẹ́ ààbò òfin. Òfin yẹn kò dé Kuje. Ẹ fi fèrèsé tó ń ṣí síta pátápátá sí i, mítà 1.2 níbùú àti lóròó, méjì tó dojú kọra nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, nẹ́ẹ̀tì àti irin lápá inú. Èyí tó ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀ kì í ṣí ju ìdajì lọ.

Iná àti omi inú ìdìpọ̀ náà kò burú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi àyè sílẹ̀ fún bátìrì sólà. Abẹ́ àtẹ̀gùn tó sọ di ibi ìkó-ìgbálẹ̀ ló yẹ ẹ́, tí ẹ bá lu ihò atẹ́gùn sí i. Ìwé ló kù. Kò sí àwòrán irin àti ìpìlẹ̀ nínú ewé mẹ́rìnlá yẹn, kò sí òǹtẹ̀ ayàwòrán ilé tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ARCON, kò sí ti ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ COREN. Development Control, ẹ̀ka ìjọba Àbújá tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé, kò ní fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ tó sanwó, bóyá ó máa fún yín ní fáìlì tí ẹnjiníà lè ṣí kó sì tún ṣe. Tó bá jẹ́ PDF nìkan ló ní, ẹ dín owó tí ẹ fẹ́ san kù sí ìdajì, nítorí ẹni tí ẹ bá gbé e fún á tún gbogbo rẹ̀ yà láti ìbẹ̀rẹ̀.